Ẹja Tí Ń Gòkè Wá Mí ní Àkùrọ̀ Ìgbayè

Ìdájí ló yẹ kéèyàn dé àkùrọ̀ tó wà nísàlẹ̀ Ìgbayè. Láti alẹ́ ni ẹja àti ewéko inú omi ti jọ ń lo ọ́síjìn tó wà níbẹ̀, oòrùn kò sì sí tí ewéko yóò fi pèsè òmíràn. Tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, ìwọ̀nba ló ń kù.

Ọlọ́sìn ẹja tó mú mi lọ tan tọ́ọ̀ṣì sí pọ́ńdì ẹpìyà. Gbogbo wọn ti tò sójú omi, wọ́n ń la ẹnu, wọ́n ń pa á dé, ìmọ́lẹ̀ kò tilẹ̀ lé wọn. Ní pọ́ńdì àrọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀kan yọrí, ó gbé afẹ́fẹ́ mì, ó fi ìrù na omi, ó ti rì padà.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé omi kan náà kọ́ ni?"

"Omi kan náà ni, àbúrò. Àrọ̀ ló mọ bí wọ́n ṣe ń gbé inú ẹ̀. Ẹpìyà ni kó o bá mi ṣàánú."

Ó mú mi wọ abẹ́ páànù tó ti ń pa ẹyin ẹja. Omi kì í dúró níbẹ̀ tọ̀sán tòru, nítorí ọmọ àrọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kò tíì lè mí afẹ́fẹ́. Ó ti jogún àbùdá rẹ̀ látọ̀dọ̀ ìyá àti bàbá, ṣùgbọ́n ó di ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ohun tó fi ń mí i tó hù sí i lórí.

Ọjà Òkukù ni mo ti fojú ara mi rí nǹkan ọ̀hún. Màmá ẹlẹ́ja kan ń la orí àrọ̀ fún oníbàárà, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má tíì gé e wẹ́wẹ́. Wọ́n fi ẹnu ọ̀bẹ ṣí i fún mi. Lókè ibi pupa tí gbogbo ẹja fi ń mí nínú omi, ihò kan wà, nǹkan kan sì hù sínú rẹ̀ bí igi kékeré tó yọ ẹ̀ka, ẹ̀jẹ̀ kún un. Ibẹ̀ ni ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ti ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ àrọ̀.

Ìyà àìrí ọ́síjìn tó yìí ń jẹ ẹja orí òkè gíga náà, torí pé afẹ́fẹ́ fúyẹ́ níbẹ̀, ọ́síjìn tó ń wọnú omi kì í sì í pọ̀. Adágún Qinghai ní Ṣáínà fi nǹkan bíi mítà 3,200 ga ju ojú òkun lọ. Ẹja Gymnocypris przewalskii tó ń gbé ibẹ̀ kò ní ìpẹ́, gẹ́gẹ́ bí àrọ̀ wa. Òun kì í gbé afẹ́fẹ́ mì. Tí ọ́síjìn bá wọ́n, ibi tó fi ń mí á fẹ̀ sí i láàárín ọjọ́ kan. Àwọn onímọ̀ tó yẹ àbùdá àwọn ìbátan rẹ̀ wò ní òkè Tibet sì rí i pé àwọn àbùdá tó ń jẹ́ kí ara mọ̀ pé ọ́síjìn wọ́n ti yí padà láti ìran dé ìran. Ìwádìí kan ní 2018 lórí Clarias batrachus, ìbátan àrọ̀ wa ní Éṣíà, fi hàn pé àbùdá myoglobin, tó ń tọ́jú ọ́síjìn sínú ẹran ara, ti di púpọ̀ lára rẹ̀.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ẹja odò Ọ̀tìn fi ká mi lára. Bí a bá ń fi ọmọ ìyá kan náà bímọ nínú pọ́ńdì lọ́dọọdún, àbùdá tí omi ẹrẹ̀ ti ṣà jọ fún wa á máa dín kù. Ẹ̀gbọ́n mọ èyí. Ó ti ní kí n bá òun kí Màmá, kí wọ́n bá òun mú abo àrọ̀ odò kan sílẹ̀, èyí tó lóyún.

"Ó wà níbí," ni Màmá wí. "Sọ fún un pé n kò gbọ́ ẹ̀dínwó o. Ti odò kì í ṣe ẹgbẹ́ ti pọ́ńdì."