Ọwọ́ Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Àgbà Wà?

Ẹni tí ó bá ti gba ojú omi láti Ìgbòkòdá lọ sí Ayétòrò yóò ti rí i pé, bí ó ti wù kí èrò inú ọkọ̀ pọ̀ tó, ẹnì kan ṣoṣo ní í di ẹ́ńjìnnì mú. Àwọn yòókù, ìbáà jẹ́ ìjòyè, ìbáà jẹ́ ìyá ẹlẹ́ja tí ó ni gbogbo ẹrù ibẹ̀, wọn a fọwọ́ lẹ́rán, wọn a sì máa wo ọwọ́ atukọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ rí. Olúkúlùkù òṣìṣẹ́ ní páásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀, ṣùgbọ́n àkáǹtì kan wà tí ó borí gbogbo wọn, èyí tí a ń pè ní ádímíìnì, arínú-róde ilé iṣẹ́, aṣílẹ̀kùn-má-kágò, tí ó lè fi ènìyàn kún un, tí ó lè yọ ènìyàn kúrò, tí ó sì lè pa àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́wàá rẹ́ kí a tó ṣẹ́jú. Àbùkù rẹ̀ kan ni pé èrò ọkọ̀ kì í rí ọwọ́ atukọ̀ yìí.

Mo wọ ọ́fíìsì kan létí èbúté Ìgbòkòdá, níbi tí wọ́n ti ń kọ iye yìnyín àti epo tí àwọn apẹja gbà láwìn sínú kọ̀ǹpútà. Bébà pélébé kan ni wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ mọ́ etí ẹ̀rọ náà, páásíwọ́ọ̀dù ádímíìnì ni wọ́n fi bíró kọ sí i, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ sì ti ń pa á rẹ́ lọ. Àwọn mẹ́rin ni wọ́n jọ ń lò ó. Ẹni karùn-ún, tí ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ṣì mọ̀ ọ́n lórí. Nígbà tí gbèsè apẹja kan pòórá, kò sí bí wọ́n ṣe lè mọ ẹni tí ó pa á rẹ́, nítorí orúkọ kan náà ni gbogbo wọn fi ń wọlé. Àwọn tí wọ́n ti ń jẹun nínú àwo kan náà bẹ̀rẹ̀ sí fura sí ara wọn, ó sì dùn mí púpọ̀.

Ìlú ńlá pàápàá ti kó sí irú rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2008, ní San Francisco ní Amẹ́ríkà, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan tí ó wà nídìí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìjọba ìlú náà kọ̀ láti fi páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ lé àwọn ọ̀gá rẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n tì í mọ́lé, síbẹ̀ kò sọ ọ́, àfi ìgbà tí Gavin Newsom, olórí ìlú náà, fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tọ̀ ọ́ lọ sí àtìmọ́lé. Ní 2010 ni wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́rin. Ẹ̀rọ náà kò fi ìgbà kan kú. Ó ń ṣiṣẹ́ geere, ṣùgbọ́n ìlú kò ní àṣẹ lórí ohun ìní ara rẹ̀ mọ́.

Bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè wọ ibẹ̀. Ní ọdún 2021, páásíwọ́ọ̀dù àkáǹtì àtijọ́ kan, tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́ tí a kò sì tì pa, ni àwọn olè fi wọ ilé iṣẹ́ Colonial Pipeline, tí òpó epo rẹ̀ gba Texas lọ sí ìhà ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Epo dáwọ́ ṣíṣàn fún ọjọ́ mélòó kan, ilé iṣẹ́ náà sì san nǹkan bí mílíọ̀nù 4.4 dọ́là fún àwọn olè náà.

Nítorí náà, ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ bá lọ ni kí àkáǹtì rẹ̀ kú. Kí alábòójútó ní àkáǹtì méjì, ọ̀kan fún iṣẹ́ ojoojúmọ́, èkejì fún àṣẹ, èyí tí kò ní fi ka ímeèlì láé, nítorí ímeèlì ẹ̀tàn kan ṣoṣo tó láti ṣí gbogbo ilé sílẹ̀. Kí ẹ̀rọ máa kọ orúkọ rẹ̀ àti wákàtí tí ó wọlé, kí ẹlòmíràn sì máa yẹ̀ ẹ́ wò, kí ojú èrò lè wà lára atukọ̀. Òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 fúnni ní wákàtí 72 péré láti fi tó ìjọba létí bí àkọsílẹ̀ àwọn ènìyàn bá bọ́ sọ́wọ́ olè lọ́nà tí ó lè pa wọ́n lára. Kí ni ẹni tí kò mọ ẹni tí ó wọlé yóò wí? Kí páásíwọ́ọ̀dù má sì dá wà láìní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ń yí padà. Lójú omi níhìn-ín, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń lọ, ẹ má gbára lé nọ́ńbà tí a ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù; áàpù wà tí ń pèsè rẹ̀ nínú fóònù láìlo nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá.

Àwọn kan yóò pe èyí ní àìfọkàntán, pàápàá ní etíkun tí àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ ti tẹ Ayétòrò dó ní 1947, tí wọ́n sì fi ohun ìní wọn ṣe àjọní. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ká ní àkọsílẹ̀ ẹni tí ó wọlé wà ní ọ́fíìsì Ìgbòkòdá yẹn, òun ni ìbá gba aláìṣẹ̀ sílẹ̀.

Kí ẹ kọ páásíwọ́ọ̀dù àṣẹ náà sínú ànfílọ́ọ̀pù, kí ẹni méjì fọwọ́ sí ojú ibi tí a lẹ̀ pọ̀, kí ẹ sì tì í mọ́ inú àpótí irin, de ọjọ́ tí alábòójútó bá ṣàìsàn. Bí ilé iṣẹ́ yín bá wà ní Ayétòrò, ẹ má fi í síbẹ̀ nìkan, níbi tí òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé mì tòun ti ẹrù inú wọn. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kejì, kí ẹ sì gbé e gòkè lọ sí Òkìtìpupa, níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ.