Ibùsùn Àgbékọ́ fún Tọkọtaya Létí Omi Aṣéjíre

Ọ̀rọ̀ oorun ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kì í ṣe oorun inú yàrá, bí kò ṣe oorun ìta gbangba, èyí tí ènìyàn ń mọ̀ọ́mọ̀ lọ sùn nítorí fàájì. Àwọn tọkọtaya kan wà lóde òní tí wọ́n máa ń kó àgọ́ aláṣọ lọ sí etí omi tàbí ẹ̀bá igbó, kí wọ́n lè kúrò nínú ariwo ìlú fún alẹ́ kan tàbí méjì. Nígbà tó bá yá, àwọn mìíràn nínú wọn a pa àgọ́ tì, wọn a sì mú ibùsùn tí a ń so mọ́ àárín igi méjì, èyí tí Òyìnbó ń pè ní hámọ́ọ̀kì. Wọ́n ní ó tu ara ju àgọ́ lọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ bí a ti í so ó, ibùsùn yìí lè ṣẹ́ ẹ léegun ẹ̀yìn lóru ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ kí a fi Aṣéjíre ṣe àpẹẹrẹ. Bí ẹ bá gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀, kí ẹ tó dé Ìkirè, ẹ ó kọjá lórí odò Ọ̀ṣun, ẹ ó sì rí omi tó tẹ́ rẹrẹ bí ọ̀sà. Wọ́n sé odò náà níbẹ̀ kí àwọn ará Ìbàdàn lè rí omi mu, iṣẹ́ omi náà sì parí ní 1972. Àwọn apẹja ń wa ọkọ̀ lórí rẹ̀, a sì ń ta ẹja lẹ́bàá títì. Bí ẹ bá kọjá omi yìí, ilẹ̀ oníkòkó ti Ìkirè àti Àpòmù ló kù, pẹ̀lú ọ̀pẹ, obì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ibi tó dára láti wò ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀rẹ́ àgọ́. Ilẹ̀ etí omi máa ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, nítorí náà ẹni tó sùn sínú àgọ́ yóò máa yọ́ lọ sí ìsàlẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ìyàwó a sì ṣàdédé rí i pé gbogbo ara ọkọ ti wà lórí òun. Gbòǹgbò igi ń gún ènìyàn ní ìhà. Láti oṣù kẹta títí dé oṣù kẹwàá ni òjò ń rọ̀ lágbègbè yìí, àfi ìsinmi díẹ̀ tí ó máa ń ṣe nínú oṣù kẹjọ. Bí ó bá sì rọ̀ lóru, àgbàrá kì í yà fún àgọ́. Ìjàlọ ńkọ́? Bí ọ̀wọ́ ìjàlọ bá gba abẹ́ àgọ́ kọjá, ẹni tó wà nínú rẹ̀ kò ní í béèrè bàtà kó tó sá jáde. Yàtọ̀ sí èyí, ooru inú àgọ́ pọ̀. Èémí ẹni méjì yóò kún inú rẹ̀, yóò di ìrì lára aṣọ òkè, yóò sì máa kán sílẹ̀ sí wọn lójú.

Àwọn baba wa kò ṣàìmọ èyí. Àgbẹ̀ tó bá ń sùn ní ahéré nígbà òjò a fi ọparun kan pẹpẹ, a sì tẹ́ ẹní lé e lórí, kí òun àti ilẹ̀ tútù má baà pàdé. Ohun kan náà ni hámọ́ọ̀kì ń ṣe, àfi pé a lè ká a sínú àpò.

Àwọn ará erékùṣù Kàríbíánì, tí à ń pè ní Taino, ni Òyìnbó ti kọ́ ọ. Nígbà tí Christopher Columbus gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ wọn ní 1492, ó bá wọn nínú àwọ̀n òwú tí wọ́n so kọ́ láti máa sùn, ọ̀rọ̀ wọn fún un náà sì ni Òyìnbó yí padà di hámọ́ọ̀kì. Àwọn atukọ̀ ojú òkun fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi, nítorí pé bí ọkọ̀ bá ń fì sọ́tùn-ún fì sósì, ibùsùn àgbékọ́ kì í da ènìyàn sílẹ̀. Nígbà tí ó dé ìhà ọ̀dọ̀ tiwa, iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n fún un ṣe: wọ́n so ó mọ́ ọ̀pá gígùn, Òyìnbó dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀, àwọn ènìyàn dúdú sì gbé ọ̀pá náà lé èjìká. Báyìí ni Richard Burton ṣe ti Wídà lọ bá ọba Gẹ̀lẹ̀lẹ̀ ní Àbọ̀mẹ̀ ní ìparí 1863. Ó tu Burton lára. N kò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni bi èjìká àwọn tó rù ú léèrè.

Kí ló wá dé tí ó fi ń tu ara? Bí ènìyàn bá sùn sórí ilẹ̀ líle, èjìká, ìbàdí àti gìgísẹ̀ nìkan ló ń gbé gbogbo ìwọ̀n ara. Aṣọ tó rọ̀ ń gbá ara mọ́ láti orí dé ẹsẹ̀, kò sì sí ibì kan tí ó ń ru ẹrù ibì kejì. Ìmì náà tún wà ńbẹ̀. Ní 2011, àwọn onímọ̀ ní Geneva, ní ilẹ̀ Switzerland, mú ọkùnrin 12, wọ́n ní kí wọ́n sun oorun ọ̀sán fún ìṣẹ́jú 45 lórí ibùsùn tó dúró jẹ́ẹ́, àti ní ọjọ́ mìíràn lórí ibùsùn tó ń mì lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀. Oorun tètè gbé wọn lọ lórí èyí tó ń mì. Ìyá tó ń pọn ọmọ tó sì ń jó díẹ̀díẹ̀ kó lè sùn ti mọ èyí tipẹ́.

Ọ̀nà ìsùn rẹ̀ wà lọ́tọ̀. Ẹni tó bá na ara tààrà láti igi dé igi, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò tẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, yóò sì jí pẹ̀lú ẹ̀yìn ríro. Ìdábùú díẹ̀ ni kí ẹ sùn: kí orí wà ní ìhà òsì, kí ẹsẹ̀ wà ní ìhà ọ̀tún. Aṣọ náà yóò tẹ́jú lábẹ́ yín, ẹ ó sì lè fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí ẹ bá fẹ́.

Wàyí o, ibi tí ọ̀rọ̀ wa le sí rèé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ so hámọ́ọ̀kì a máa fẹ́ fà á kó le gan-an bí okùn ìsáṣọ, kó má baà rọ̀ wálẹ̀. Àṣìṣe tó ń ṣubú pa ènìyàn nìyẹn. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ dán èyí wò. Ẹ wá okùn gígùn kan, kí ẹ so garawa omi mọ́ àárín rẹ̀. Kí ọmọ kan di etí kan mú, kí èkejì di etí kejì. Bí wọ́n bá sún mọ́ ara wọn, tí okùn rọ̀ wálẹ̀ dáadáa, garawa náà kò ní í ni wọ́n lára púpọ̀. Ẹ wá ní kí wọ́n máa fà sẹ́yìn kí okùn lè tẹ́jú. Bí ó ti ń tẹ́jú sí i, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ wọn ń le sí i, títí ọwọ́ wọn yóò fi máa gbọ̀n. Kò sì ní í tẹ́jú pátápátá láé. Àní bí ẹ pe géńdé mẹ́wàá sí i, okùn ni yóò já.

Ìdí ni pé ìsàlẹ̀ gan-an ni ẹrù ń fà sí, ẹ̀gbẹ́ sì ni okùn tó tẹ́jú ń fà sí. Díẹ̀ péré nínú agbára okùn náà ló ń gbé ẹrù sókè. Ìyókù ń ṣòfò sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò sí i. Ọkùnrin kan wọn kílò 70. Bí okùn bá dà wálẹ̀ tó dígírì 30, okùn kọ̀ọ̀kan yóò fara gba kílò 70. Bí ó bá jẹ́ dígírì 10 péré, okùn kọ̀ọ̀kan yóò fara gba nǹkan bí kílò 200. Bí ó bá ku dígírì 5, ó di nǹkan bí kílò 400. Ọkùnrin kan náà ni o, kò tíì jẹun kún un! Bí ìyàwó rẹ̀ tí òun náà wọn kílò 70 bá wá bọ́ sí i, gbogbo iye yìí di ìlọ́po méjì.

Ẹ lè fi ọwọ́ wọn dígírì 30 náà. Ẹ fi ọwọ́ ṣe ìbọn bí ọmọdé: kí ìka ìfábẹ̀lá nà síwájú gbọọrọ, kí àtàǹpàkò dúró ṣánṣán. Ìlà tó ti orí àtàǹpàkò lọ sí orí ìka ìfábẹ̀lá sún mọ́ ọn tó. Bí okùn yín bá bá ìlà yẹn mu, ó tó. Kí igi méjèèjì jìnnà síra tó mítà 4 tàbí 5. Bí ẹ bá jókòó sínú rẹ̀, kí ìdí yín má ga ju orúnkún lọ sí ilẹ̀. Bí ó bá tilẹ̀ já, ìtìjú ni yóò kù.

Igi wo ni kí a so ó mọ́? Kì í ṣe ìbẹ́pẹ, nítorí inú rẹ̀ ṣófo. Kì í ṣe igi tó ti kú, bí ó ti wù kó tóbi tó. Kì í ṣe ọ̀pẹ tí ìdì ẹyìn tàbí imọ̀ gbígbẹ rọ̀ sí lókè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe abẹ́ àgbọn. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má so ó mọ́ kòkó àwọn ará Ìkirè. Ara igi kòkó fúnra rẹ̀ ni òdòdó àti èso ti ń yọ. Bí okùn bá ha ojú ibi tí òdòdó ti ń jáde, àgbẹ̀ náà ti pàdánù kòkó ọdún tó ń bọ̀ níbẹ̀. Igi mìíràn náà ní abẹ́ èèpo ni oúnjẹ rẹ̀ ń gbà kọjá, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ a sì máa gé e wọlé. Ohun tó fẹ̀ bí ọ̀já ìpọnmọ ni kí ẹ fi yí igi ká, kí ẹ tó so okùn mọ́ ọn. Òpó bíríkì tàbí ògiri ọgbà ni ó burú jù. A ti gbọ́ ọ ní Amẹ́ríkà pé òpó bíríkì wó lu ọmọdé tó wà nínú hámọ́ọ̀kì, ó sì pa á. Òpó lè gba ẹrù tó wà lórí rẹ̀ láìmira. Ìfàsẹ́gbẹ̀ẹ́ ni kò lè gbà.

Nísinsìnyí, tọkọtaya: ṣé kan ni, àbí méjì? Ní ilẹ̀ Bràsíìlì àti ní Yucatán ní Mẹ́síkò, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sùn sínú rẹ̀ lójoojúmọ́ ayé wọn, wọ́n ń hun èyí tó fẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ti tọkọtaya. Ó dára fún ìtàkúrọ̀sọ ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà lọ́dọ̀ wa kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹni méjì nínú rẹ̀ yóò máa yí sí kòtò àárín ni. Bí ọ̀kan bá yíra padà, èkejì jí nìyẹn. Ìmọ̀ràn tèmi ni kí ẹ ra méjì. Ẹ so orí méjèèjì mọ́ igi líle kan, kí ẹ wá so ẹsẹ̀ wọn mọ́ igi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Orí yín yóò wà nítòsí, ẹ ó lè máa sọ̀rọ̀ títí oorun yóò fi gbé yín lọ, ẹni tó bá sì ń hanrun, ẹ lè fi ọwọ́ rọra mì í. Ẹ má so ọ̀kan sórí èkejì. Ọmọ ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ sùn sínú rẹ̀ rárá, nítorí aṣọ lè bò ó nímú.

Àwọ̀n ẹ̀fọn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Òru ni ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri ń jẹ ènìyàn, ó sì lè ta ẹnu gba inú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn yín, nítorí náà kí àwọ̀n náà yí ìsàlẹ̀ ká. Ẹ ta tapólíìnì sókè fún òjò. Kí ẹ so okùn kékeré kan rọ̀ sára okùn ńlá ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, kí omi tó bá ń ṣàn bọ̀ láti ara igi lè gba ibẹ̀ kán sílẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Èérún náà mọ ọ̀nà okùn: àkísà tí ẹ rẹ sínú kẹrosíìnì, tí ẹ wé mọ́ okùn náà lọ́nà jíjìn sí aṣọ, yóò dá wọn padà, kí iná má ṣe sún mọ́ ọn. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ abẹ́ ibùsùn ni yóò mú yín tutù, kì í ṣe ti òkè. Bùláńkẹ́ẹ̀tì kan lábẹ́ ẹ̀yìn sàn ju méjì lórí lọ.

Ilẹ̀ tí ẹ rí bí igbó lásán ní olóko. Ẹ kọ́kọ́ kí baálẹ̀ abúlé tó wà nítòsí, kí ẹ sọ ibi tí ẹ fẹ́ sùn, nítorí ayé òní kì í ṣe ayé tí àlejò ń dá wọ inú igbó sùn láìjẹ́ kí ẹnì kan mọ̀. Omi tó wà níwájú yín ni àwọn ará Ìbàdàn ń mu. Ẹ má fọ aṣọ tàbí àwo sínú rẹ̀. Bí ẹ bá sì ra dòdò Ìkirè lójú ọ̀nà, ẹ jẹ ẹ́ tán kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí kò sí àkísà kẹrosíìnì tí yóò dá èérún dúró bí òórùn rẹ̀ bá wà nínú ibùsùn pẹ̀lú yín.