Ẹ̀dà Àtijọ́ àti Ẹ̀dà Tuntun Nínú Kíkọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ ní Èdè Kọ̀ǹpútà

Èdè kọ̀ǹpútà ni èdè tí ènìyàn fi ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ náà. Ó ń yí padà láti ìgbà dé ìgbà gẹ́gẹ́ bí èdè ènìyàn, àmọ́ bàbá àgbà máa ń gbọ́ èdè ọmọ-ọmọ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kì í fojú fo ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀.

BASIC, tí John Kemeny àti Thomas Kurtz ṣe ní Dartmouth College ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1964, ni ọ̀pọ̀ ìwé Computer Studies ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Nàìjíríà ti fi ń kọ́ni láti ọjọ́ pípẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ tó bá lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní Mọ́níyà, Ìyànà Ọ̀fà tàbí Akànrán lè bá irú ìwé bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé QBasic, tó bá MS-DOS 5 jáde ní 1991, kò lè ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ lórí Windows oníbíìtì 64. Àfi kí olùkọ́ kọ́kọ́ fi DOSBox sórí ẹ̀rọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ojú pátákó nìkan ni ẹ̀kọ́ náà yóò mọ.

Èyí kò sọ BASIC di aláìwúlò. Ẹ̀dà tó léwu jù ú lọ ni Python 2, nítorí pé ó jọ Python 3 púpọ̀. Python 3 jáde ní 2008; àwọn tó ni ín sì dẹ́kun àtúnṣe Python 2 ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2020. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ print láìfi àkámọ́ sí i, Python 3 yóò kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ìyẹn dára, àṣìṣe náà hàn. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn 2 bá fẹ́ pín àpò gààrí 7, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì kọ 7/2, BASIC àti Python 3 yóò dáhùn 3.5, Python 2 yóò dáhùn 3. Ààbọ̀ àpò ti sọnù, ẹ̀rọ kò sì wí nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ yìí kan olùkọ́ Yorùbá gan-an. Nínú fáìlì UTF-8, bí a bá ní kí Python 2 ka lẹ́tà inú "ọjà", 6 ni yóò pè é, torí báìtì ló ń kà. Python 3 yóò pè é ní 3. Síbẹ̀, "ẹ́" kò ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode: "ẹ" lọ́tọ̀, àmì ohùn lọ́tọ̀. Nítorí náà Python 3 pàápàá yóò ka lẹ́tà kan ṣoṣo yìí sí 2.