Bí Obì Ṣe Ń Pẹ́ Nínú Agbọ̀n

Nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí ọyẹ́ sì ń yọjú bọ̀ láti òkè Ọya, ni obì gbànja máa ń pọ̀ jù lọ nínú àwọn oko tó yí Emùré-Ilé ká ní agbègbè Ọ̀wọ̀. Ìgbà náà gan-an sì ni owó rẹ̀ ń já wálẹ̀, nítorí ohun tó kún ilé oníkálukú, ta ni yóò fowó rà á lọ́wọ́ aládùúgbò? Ọlọ́gbọ́n kì í kánjú gbé e lọ sọ́jà. Yóò pa á mọ́ títí obì yóò fi wọ́n, tí àwọn oníṣòwò tí ń kó o lọ sókè Ọya yóò fi máa wá a kiri.

Ṣùgbọ́n obì, tí ń bi ikú, tí ń bi àrùn, kì í ṣe àgbàdo tí a ń sá sóòrùn kí a tó dì í sápò. Ohun alààyè ni, ó ń mí, ó sì ń tú ooru àti omi jáde. Bí omi ara rẹ̀ bá gbẹ, yóò rún, yóò le, yóò sì kú. Bí omi bá sì dúró sí i lára, yóò bu, yóò sì rà. Àárín ewu méjèèjì yìí ni àwọn ìyá wa gbà kọjá. Wọn a la èèpo rẹ̀, wọn a rẹ obì náà sómi mọ́jú kí awọ funfun ara rẹ̀ lè rà, wọn a bó o, wọn a ṣàn án, wọn a sì kó o jọ fún ọjọ́ mélòó kan kí òógùn ara rẹ̀ lè jáde. Lẹ́yìn èyí ni yóò wọ inú agbọ̀n tí wọ́n fi ewé gbòdògì tàbí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù tẹ́ nínú, tí wọ́n sì fi bò lórí. Lóòrèkóòrè ni wọn yóò máa tú u palẹ̀, tí wọn yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọn yóò máa ṣa èyí tí kòkòrò ti lu kúrò, tí wọn yóò sì máa pààrọ̀ ewé tó ti gbẹ. Bẹ́ẹ̀ ni obì ṣe ń lo oṣù púpọ̀ láìbàjẹ́.

Nílùú Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí òtútù kì í jẹ́ kí igi so fún oṣù púpọ̀, ápù ni wọ́n ń pa mọ́ báyìí. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, Franklin Kidd àti Cyril West ní Cambridge fi hàn pé bí a bá dín ọ́síjìn inú yàrá tí ápù wà kù, èémí rẹ̀ yóò rọlẹ̀, yóò sì pẹ́. Ewé tí a dì mọ́ obì pinpin ń ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ yẹn, láìsí ẹ̀rọ kankan.

Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà: láti oko ni Balanogastris kolae ti ń yé ẹyin sínú èyí tí èèpo rẹ̀ ti sán tàbí tó ti já sílẹ̀, a ó sì rò pé inú agbọ̀n ló ti wọ̀ ọ́. Kíká obì kí èèpo tó sán ni oògùn rẹ̀. Àwọn kan kò ní sùúrù ìyẹn, oògùn kòkòrò ni wọ́n ń dà sí i, bí ẹni pé obì yóò tún dórí iná kó tó dẹ́nu. Tútù la sì ń jẹ ẹ́, omi tí a fi ṣàn án fún àlejò kò sì lè mú gbogbo oògùn náà kúrò.