Ẹyẹ Apẹja Dúdú Méjì: Onírùgígùn àti Aláyàfunfun

ÌPILẸ̀. Ìran cormorant ni àwọn méjèèjì. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Gmelin, ló fún Onírùgígùn lórúkọ sáyẹ́ǹsì ní 1789, onímọ̀ mìíràn, Lichtenstein, fún Aláyàfunfun ní 1823.

ÀMÌ ÌDÁMỌ̀
Onírùgígùn: gígùn, 50–60 sẹ̀ǹtímítà, ìwọ̀n, bíi 500–600 gíráàmù, ojú pupa, àgógó kúkúrú.
Aláyàfunfun: gígùn, 80–100 sẹ̀ǹtímítà, ìwọ̀n, bíi 2 kìlógíráàmù, ojú àwọ̀ ewé, ọrùn àti àyà funfun.
Ẹ ṣọ́ra: àyà ọmọ Onírùgígùn náà máa ń fẹ́ funfun. Ìtóbi ni kí ẹ fi mọ̀ wọ́n.

IBÙGBÉ. Aláyàfunfun fẹ́ràn etíkun, bíi ti Mauritania àti Senegal, àti adágún ńlá bíi Chad. Odò, ọ̀sà àti adágún kéékèèké tó Onírùgígùn. Ẹni tó bá rí ọ̀kan lẹ́bàá Odò Ọ̀ṣun, ní sàkáání Ìkirè, Àpòmù tàbí adágún Aṣéjìrè, Onírùgígùn ni kó kọ́kọ́ rò.

ẸYIN. Méjèèjì sábà ń yé 3 sí 4. Onírùgígùn ń sàba fún ọjọ́ 23–25, Aláyàfunfun fún bí ọ̀sẹ̀ 4.

FÚN ẸNI TÓ Ń SIN ẸJA
1. Ẹja kéékèèké àti àkèré ni Onírùgígùn ń jẹ jù. Ọmọ ẹja ni kí ẹ dáàbò bò. Àrọ̀ tó ti tó tà kò ṣeé gbé mì fún un.
2. Ẹ fi àwọ̀n bo adágún, ṣùgbọ́n ẹ má ra tuntun. Ẹ gba ògbólógbòó lọ́wọ́ apẹja, ẹ lẹ ibi tó ya, ẹ fà á le lórí omi kó má baà rọ̀ mú ẹyẹ.
3. Omi máa ń wọ ìyẹ́ Onírùgígùn, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ bà síbì kan kó na apá sóòrùn. Ẹ gé gbogbo kùkùté àti ẹ̀ka gbígbẹ etí adágún. Kò ní fẹ́ pẹ́ níbẹ̀.
4. Màrìwò tí a so mọ́ okùn, tí afẹ́fẹ́ ń mì, dára, kò sì náni lówó. Ẹ máa pààrọ̀ ipò rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, torí ẹyẹ tètè ń mọ ohun tí kò lè ṣe é níbi.
5. Ẹ má fi májèlé dè é. Inú omi kan náà ni ẹja yín ń gbé, ẹja náà ni ẹ ó sì jẹ.

FÚN APẸJA ODÒ. Ẹ má da oògùn kòkó sódò láti fi pẹja. Ó ń pa ọmọ ẹja pọ̀ mọ́ ìyá, ẹyẹ tí kò bá sì rí jẹ lódò, adágún ọlọ́sìn ni yóò yà sí.