Ṣíṣí Ọpọ́n: Àkíyèsí lórí Ọwọ́ Àkọ́kọ́ nínú Ayò Ọlọ́pọ́n

Nínú bébà yìí, bí a ti í ṣí ọpọ́n ayò ni a fẹ́ yẹ̀ wò. Ó pẹ́ tí àwọn olùta ṣẹ́ẹ̀sì ti ń kọ ìwé lórí ìbẹ̀rẹ̀ ayò tiwọn. Ruy López, àlùfáà ará Sípéènì, tẹ ọ̀kan jáde ní 1561. Ní tiwa, orí ni àwọn ọ̀ta ń kó irú ìmọ̀ yìí sí. Bóyá ìdí nìyí tí àwọn kan fi rò pé ọwọ́ tí ó ṣáájú jíjẹ kò já mọ́ nǹkan kan. A kò fara mọ́ èrò yìí.

Ẹ jẹ́ kí á fi ọ̀pẹ méjì tí ó jókòó ti ọpọ́n ní Ùsì-Èkìtì ṣe àpẹẹrẹ. Ilé 12 ni ó wà, ọmọ 48, mẹ́rin mẹ́rin. Ọwọ́ ọ̀tún ni a ń pín in sí. A kì í jẹ, àfi bí ọmọ tí ó kẹ́yìn bá sọ ilé ẹnìkejì di méjì tàbí mẹ́ta. Nítorí náà, kò sí ẹni tí ó lè jẹ nínú ọwọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́: ilé tí à bá jẹ yálà ṣófo, tàbí kí ó ní mẹ́rin ó lé.

Apá òsì oníkálukú ni a ó ti máa ka ilé rẹ̀. Olùbẹ̀rẹ̀ kó ilé kìn-ín-ní. Ẹnìkejì kó ilé kẹta; ọmọ rẹ̀ ìkẹyìn bọ́ sínú ilé tí olùbẹ̀rẹ̀ sọ di òfìfo. Olùbẹ̀rẹ̀ wá kó ilé kẹta tirẹ̀, márùn-ún. Méjì nínú rẹ̀ kọjá sí òdìkejì, ilé kejì ibẹ̀ sì di márùn-ún. Iye tí ẹnìkejì ń wá gan-an nìyí! Ó kó o, ó pín in, ìkẹyìn bá ọ̀kan nínú ilé kìn-ín-ní olùbẹ̀rẹ̀, ó sì jẹ méjì.

Méjì kò tó nǹkan lóòótọ́, nígbà tí ó jẹ́ pé 25 ni ẹni tí yóò borí ń wá. Ṣùgbọ́n olùbẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó gbé ọmọ tí a fi jẹ ẹ́ fún ẹnìkejì. Ká ní ilé kejì ni ó kó, ọ̀kan ṣoṣo ni ìbá kọjá, ẹnìkejì kì bá sì rí ilé kankan fi jẹ.

Ní 2002, John Romein àti Henri Bal ní Amsterdam fi kọ̀ǹpútà yẹ Awari, ayò tí òfin rẹ̀ jọ tiwa, wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ipò ọpọ́n tí wọ́n gbé yẹ̀ wò lé ní bílíọ̀nù 889. Àbájáde wọn ni pé bí ẹni méjèèjì kò bá ṣìṣe, ọ̀mì ni. A jẹ́ pé olùbẹ̀rẹ̀ wa kò lè di ẹ̀bi ru pé òun ni ó kọ́kọ́ ta.