Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ Ìsàlẹ̀ Ìkòkò: Ọ̀rọ̀ Díẹ̀ lórí Ìwúkàrà Ọtí

Ọ̀rọ̀ tí Bíbélì Yorùbá ń lò fún ohun tí í mú ìyẹ̀fun wú ni ìwúkàrà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì hàn gbangba sí ẹni tí ó bá tú u palẹ̀: ohun tí í wú àkàrà ni, nítorí pé àkàrà ni Bíbélì náà pe búrẹ́dì. Ọ̀rọ̀ náà dára, ó sì ti fìdí múlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ti àwọn tí ń yan búrẹ́dì nìkan ni nǹkan náà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun ẹlẹ́mìí kan náà tí ń wú búrẹ́dì ni ó ń hó nínú agbè ẹlẹ́mu, òun náà ni ó sì ń sọ omi ọkà dídùn di ọtí. Ohun tí àwọn tí ń pọn ọtí ní ilẹ̀ wa mọ̀ dáadáa ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, èyíinì ni èyí tí ó jókòó sí ìsàlẹ̀ ìkòkò nígbà tí ọtí bá tòrò tán. Nínú àròkọ yìí, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni n óò pe gbogbo ohun tí ó bá jókòó, n óò sì fi ìwúkàrà sílẹ̀ fún ohun ẹlẹ́mìí tí ó wà nínú rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwa nìkan ni a kò mọ̀ ọ́n ní ẹlẹ́mìí. Ní ọdún 1516 ni àwọn ìjòyè tí ń ṣàkóso Bavaria ní ilẹ̀ Jámánì pàṣẹ pé ọkà báálì, òdòdó hops kíkorò àti omi nìkan ni kí a máa fi pọn bíà. Ìwúkàrà kò sí nínú àṣẹ náà. Wọ́n ń bu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí àná sínú ti òní, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé ohun tí òun ń bù wà láàyè. Ó di ọdún 1876 kí Louis Pasteur, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tó tẹ ìwé rẹ̀ lórí bíà jáde, nínú èyí tí ó ti fi hàn pé ohun ẹlẹ́mìí ni ó ń ṣe ọtí, àti pé àwọn ẹlẹ́mìí wíwẹ́wẹ́ mìíràn tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń bà á jẹ́. Ní ọdún 1883, Emil Christian Hansen, ní ilé iṣẹ́ Carlsberg ní Copenhagen, ya ẹyọ ìwúkàrà kan ṣoṣo sọ́tọ̀, ó sì tọ́ ọ títí ó fi pọ̀ tó èyí tí a lè fi pọn ọtí ilé iṣẹ́ ńlá. Ilé iṣẹ́ náà kò fi í pamọ́. Wọ́n fún àwọn apọntí mìíràn lára rẹ̀. Ọ̀nà Hansen yìí ni gbogbo ìwúkàrà inú àpò tí à ń rà lónìí ti ṣẹ̀ wá.

Iṣẹ́ ìwúkàrà kò ṣòro láti sọ. Ó ń jẹ ṣúgà, ó sì ń yọ ohun méjì jáde: oró ọtí àti afẹ́fẹ́ tí ń hó. Afẹ́fẹ́ ni ẹni tí ń yan búrẹ́dì ń wá. Iná ni yóò lé oró ọtí jáde fún un. Oró ọtí ni apọntí ń wá. Ìdílé méjì ni ti bíà pín sí. Saccharomyces cerevisiae fẹ́ràn ìwọ̀n ooru 18 sí 22 ti Celsius, ó sì máa ń gbá jọ sí òkè bí ó ti ń hó. Èkejì, Saccharomyces pastorianus, a máa ṣiṣẹ́ nínú òtútù, láti 8 dé 14, a sì máa jókòó sí ìsàlẹ̀. Àdàlù ni èyí èkejì: cerevisiae ni òbí rẹ̀ kan, òbí kejì sì ni Saccharomyces eubayanus, tí a kò mọ̀ títí di ọdún 2011, nígbà tí a rí i nínú igbó Patagonia ní gúúsù Amẹ́ríkà. Ìdílé olótùútù ni bíà tí wọ́n kọ́kọ́ rọ sínú ìgò ní Èkó ní ọdún 1949. Kí ẹni tí kò bá ní ẹ̀rọ amúǹkantutù tí iná rẹ̀ kì í kú má ṣe dá a láṣà nínú ilé.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti bi mí léèrè bóyá ìwúkàrà búrẹ́dì inú ọjà kò lè ṣe é. Ó lè ṣe é. Cerevisiae kan náà ni. Ṣùgbọ́n nítorí ìyára ni a ṣe yàn án, kì í ṣe nítorí adùn ọtí. Kì í jókòó dáadáa, ọtí rẹ̀ a máa ṣú, a sì máa rùn bí ìyẹ̀fun pípò.

Ní ti rírà, oríṣi méjì ni ó wà, olómi àti gbígbẹ. Olómi dùn mọ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n apọntí nítorí pé ẹ̀yà rẹ̀ pọ̀. Àpò kan a máa ní bíi bílíọ̀nù 100 ẹyọ ìwúkàrà ní ọjọ́ tí wọ́n dì í. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni ó ń kú, àní nínú òtútù pàápàá, bí ó bá sì wà nínú ooru, kíákíá ni yóò run. Ní ilẹ̀ tí iná mànàmáná ti ń ṣe bí ó ti wù ú, èmi kò ní gba ẹnikẹ́ni ní ìmọ̀ràn pé kí ó fi owó rẹ̀ ra olómi láti òkè òkun wá. Kí ó ra gbígbẹ. Àpò gíráàmù 11 tó fún nǹkan bí lítà 20. Kí ó wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i, kí ó sì fọwọ́ tẹ̀ ẹ́: èyí tí wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde máa ń le bí òkúta, bí ó bá sì ti rọ̀, afẹ́fẹ́ ti wọ̀ ọ́, kí ó dá a padà.

Ìwúkàrà kan wà tí ó yẹ kí àwa ará ilẹ̀ olóoru fi ojú sí. Kveik ni orúkọ rẹ̀, ti àwọn àgbẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Norway ni. Àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí a máa ri òrùka tí a fi igi gbẹ́ bọ inú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, wọn a gbé e kọ́ kí ó gbẹ, ó sì di ìgbà tí wọn yóò tún pọn ọtí. Bí ti ẹnì kan bá bàjẹ́, a lọ tọrọ lọ́wọ́ aládùúgbò. Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé ìwúkàrà àwọn ará ilẹ̀ olótùútù yìí ń ṣiṣẹ́ láìbàjẹ́ ní ìwọ̀n 30 sí 40, èyí tí ó yẹ yàrá wa ní Ìbàdàn àti Èkó ju ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ. Wọ́n ti ń tà á ní gbígbẹ báyìí.

Lẹ́yìn rírà ni pípèsè. Ara ìwúkàrà gbígbẹ ti hunjọ, omi lásán ni ó sì yẹ kí ó kọ́kọ́ mu kí ó tó pàdé ṣúgà. A ó se omi, a ó jẹ́ kí ó tutù dé ìwọ̀n 30 sí 35, a ó wọn ìlọ́po mẹ́wàá ìwúkàrà, èyíinì ni mìlílítà 110 fún gíráàmù 11. A ó wọ́n ìwúkàrà sí ojú omi náà, a ó fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí a tó rò ó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn èyí a ó máa bu omi ọkà sí i díẹ̀díẹ̀, títí ìyàtọ̀ ooru àwọn méjèèjì kò fi ní ju 10 lọ. Àwọn tí ń ṣe é lóde òní a máa sọ pé a lè da gbígbẹ rẹ̀ sínú omi ọkà tààrà. Fún ọtí tí kò le, òótọ́ ni.

Ṣùgbọ́n kí omi ọkà náà tutù! Ní ọdún 2014, nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Ìlú Ọba, mo da ìwúkàrà sínú omi ọkà ní òru ọjọ́ kan nítorí pé oorun ń kùn mí, tí mo sì fi ọwọ́ kan ara garawa tí ó dàbí ẹni pé ó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ lásán. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi wo garawa náà tí kò hó. Ní ọjọ́ karùn-ún ó hó, ṣùgbọ́n òórùn tí ó jáde kì í ṣe ti ọtí. Mo ti bú ẹni tí ó tà á fún mi tán kí n tó ra ẹ̀rọ ìwọn ooru, kí n sì tún ṣe gẹ́gẹ́ bí mo ti ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà: 54 ni mo bá. Ìwúkàrà àwọn Gẹ̀ẹ́sì kì í yè é.

Ní ti olómi, tàbí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí ó ti pẹ́, a ní láti kọ́kọ́ tọ́ ọ kí ó pọ̀. Lítà 20 bíà ṣákálá ń fẹ́ nǹkan bí bílíọ̀nù 180 ẹyọ. Ti ìdílé olótùútù ń fẹ́ ìlọ́po méjì. Àpò olómi kan kò tó nígbà náà. A ó se gíráàmù 100 malt extract nínú lítà omi kan fún ìṣẹ́jú 15, a ó jẹ́ kí ó tutù, a ó da ìwúkàrà sí i, a ó sì máa mì í nígbàkúùgbà fún ọjọ́ kan tàbí méjì.

Níbi ìlòtúnlò gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà. Nígbà tí ọtí bá fi tòrò, ìwúkàrà tí ó wà nísàlẹ̀ ti di ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún èyí tí a rà, síbẹ̀ inú gọ́tà ni ọ̀pọ̀ ń dà á sí, wọ́n á sì tún lọ ra àpò mìíràn. A ó bu omi tí a ti sè tí ó ti tutù sí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà, a ó yí i po, a ó dúró fún ìṣẹ́jú 20. Èérí àti pàǹtí dúdú ni yóò kọ́kọ́ jókòó. Omi funfun tí ó wà lókè ni a ó rọra dà sínú ìgò tí a fi omi gbígbóná fọ̀, tí a ó gbé sínú òtútù. Ní ọjọ́ kejì ìwúkàrà yóò ti jókòó sábẹ́ omi rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ògì ti í jókòó sábẹ́ omikan. Kí a má ṣe dé ìgò náà pa, nítorí afẹ́fẹ́ rẹ̀ lè fọ́ ọ. Kí a lò ó láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ó bá ju oṣù kan lọ, kí a tọ́ ọ bí mo ti wí. Èyí tí ó bá ti inú ọtí líle wá ti rẹ̀ jù, kò yẹ ní lílò. Èyí tí ó bá sì ń rùn, kí a dà á nù láìkáàánú. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni èmi í lò ó, kí n tó ra tuntun.

Ìdí tí a fi ń ra tuntun ni pé àwọn ẹlẹ́mìí tí ń mú ọtí kan yóò ti wọ inú rẹ̀. Ọ̀tá ni Pasteur pe àwọn yẹn, bíà Gẹ̀ẹ́sì sì gbà bẹ́ẹ̀. Nínú ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àti ọtí ọkà bàbà, ẹ̀wẹ̀, àwọn ni ó ń fún ọtí ní kíkan tí ó mú un yàtọ̀ sí omi ṣúgà, kò sì sí ohun tí ó burú níbẹ̀. Ní ilẹ̀ Benin, àwọn obìnrin tí ń pọn tchoukoutou ní orúkọ fún ohun tí wọ́n ń bù lára ọtí ìṣáájú: kpètè-kpètè. Ìwúkàrà àti àwọn amúkan jọ ń gbé inú rẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá fi ìwúkàrà inú àpò pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ yóò rí ọtí mu, ṣùgbọ́n kì í ṣe ṣẹ̀kẹ̀tẹ́.

Mo bi ìyá àgbà kan tí ó ti ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ láti ìgbà ọmọge rẹ̀ pé, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ó ń mú un hó?” Ó ní, “Ìkòkò ni, ọmọ mi. N kì í fi ọṣẹ fọ̀ ọ́.” Òótọ́ ni ó sọ, nítorí pé inú àwọn ihò wẹ́wẹ́ ara amọ̀ ni ìwúkàrà ń fara pamọ́ sí láti ọtí kan dé òmíràn. Mo tún bi í pé bí ìkòkò bá fọ́ ńkọ́. Ó ní ó ti fọ́ lẹ́ẹ̀kan rí, òun sì gbé igbá lọ sí ilé ẹnìkejì òun ní ìsàlẹ̀ àdúgbò, òun tọrọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, ìtìjú kò sì sí níbẹ̀, nítorí pé inú ìkòkò òun ni ti ẹni náà ti jáde ní ọjọ́ kìn-ín-ní. Ẹnìkejì náà ti kú. Nínú àwọn ọmọ àwọn méjèèjì, kò sí ẹni tí ń pọn ọtí.

Ó fún mi ní ife kan. Mo gbé ìlàjì sínú òtútù, mo sì sá ìlàjì gbẹ lórí bébà nínú òjìji, ní àfarawé àwọn ará Norway. Ti inú òtútù bàjẹ́ nígbà tí iná kú fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo fi gbígbẹ pọn ọtí ní oṣù méjì lẹ́yìn náà. Ó hó lẹ́yìn wákàtí 14. Mo gbé ife kan padà fún ìyá náà. Ó tọ́ ọ wò, ó ní ó ku díẹ̀ kí ó kan, kí n dá a padà sí ẹ̀yìn ilé di ọ̀la.